Gàrí Tí Ìyá Rídwàn Kò Jẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe lè níyì tó, ẹ dé ọjà Ṣáṣá kí ẹ bèèrè Ìyá Rídwàn onígàrí. Sìdíkátù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún 1989 tó ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Ṣàfíù bíríkìlà, wá sí Èkó, gàrí ló ń tà, ẹnu ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù, á ki ọwọ́ bọ àpò kọ̀ọ̀kan, á bu ẹ̀kúnwọ́, á jù ú sẹ́nu láti òkèèrè láìjẹ́ pé hóró kan bọ́ sílẹ̀. Á rún un, á gbójú sókè, àwa tó kù á sì dákẹ́. "Gàrí ìlú Ọ̀wọ̀ nìyí. Ó kan dáadáa, ṣùgbọ́n inú ń bí ẹni tó yan án. Iná ti pọ̀ jù." Kò sí oníbàárà tó máa gbé gàrí kúrò níbẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé, "Ìyá, ẹ fi sẹ́nu ká rí i."

Èmi Àtọ́kẹ́, Ìyá Olúrẹ̀mí, ẹ̀wà ni mò ń tà ní ìsọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kan tirẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Fún odidi ọdún méjìlá tí a jọ jókòó, mi ò rí i kó jẹ gàrí rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí èmi náà fi sọ́kàn.

Ní ọdún 2012, egbò kékeré kan yọ sí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó kọ̀, kò jinná. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ọjà di dókítà. Aláta ní àsasí ni. Ẹni tó ń ta bàtà ní bàtà kọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má bá òun wí. Ọkùnrin kan tó ń polówó àgbo ní òun ní èyí tó ń wo egbò, ibà, àti ọkọ tí kì í gbọ́ràn. Ìyá Rídwàn mu igo méjì. Egbò ò lọ, Ṣàfíù náà ò sì tíì máa gbọ́ràn.

Nígbà tí ìka náà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni a tó lọ sí ọsibítù ní ọ̀nà Ìgandò. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kọ oògùn fún un, ó sì là á yé e wẹ́rẹ́: bí ṣúgà yìí kò bá wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á gé ìka yẹn, bí kò bá sì dúró síbẹ̀, wọ́n á máa gé e bọ̀ wá sókè. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró ti gàrí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀rù bà á. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti wá kọ ìwé pé kí ó lọ rí dókítà oúnjẹ.

"Dókítà oúnjẹ?" Ìyá Rídwàn bi mí. "Ṣé oúnjẹ ló ń ṣàìsàn ni?"

Bí wọ́n bá rán ẹ̀yin náà lọ sọ́dọ̀ dókítà oúnjẹ, ẹ má retí abẹ́rẹ́. Ẹ má retí oògùn olómi, ẹ má retí ibùsùn. Tábìlì kan ló wà nínú yàrá náà, òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn, téèpù irú èyí tí àwọn télọ̀ ń lò, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláwùmí, tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Ó wọ gíláàsì. Ó rí tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀ kan. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tí kì í jẹun ni wọ́n wá fi ṣe olórí oúnjẹ, kí wọ́n kúkú fi afọ́jú ṣe olórí àwọn awakọ̀.

Ó wọn Ìyá Rídwàn lóòró, ó wọ̀n ọ́n ní ìbàdí, ó ní kó gun òṣùwọ̀n. Èmi náà gùn ún lẹ́yìn rẹ̀, kí ìrìn mi má bàa já sófo. Ó ní kílò méjìdínláàádọ́rin, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó má ṣe wàhálà, pé ara mi le.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lẹ ń jí? Ta ló ń sebẹ̀ nílé, ta ló ń bù ú? Epo wo? Kí lẹ ń mu tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín? Ṣé ẹ̀ ń yàgbẹ́ déédéé? Àìsàn wo ló pa ìyá yín?

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́, Mọ́mì, kí lẹ fi ṣínu?"

"Ẹ̀kọ ẹyọ kan, ọmọ mi. Ẹyọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀."

"Ọ̀sán?"

"Ta ló ráyè ọ̀sán? Ọjà ni mo wà."

"Alẹ́?"

"Ìrẹsì ṣíbí mẹ́rin."

Ọláwùmí ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó ṣíbí mẹ́ta jáde, kékeré, ńlá, àti ìyá wọn. "Ṣíbí wo nínú wọn?"

Mo ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá rí nítorí ọmọ àbúrò mi. Wọn ò bi mí léèrè tó báyìí. Wákàtí kan gbáko. Níkẹyìn ó ya àwo kan sórí ìwé, ó fi ẹ̀fọ́ kún ìdajì rẹ̀, ó fi ẹja tàbí ẹ̀wà sí apá kan, ó wá ní òkèlè tó máa wà ní apá tó kù kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ìyá Rídwàn di ọwọ́, ó ń wo ìkúùkù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ní tèmi, nígbà tí ọmọ náà ti dárúkọ ẹ̀wà, mo rí i pé ó gbọ́n díẹ̀.

Ó ní kí oògùn dókítà àkọ́kọ́ máa bá a lọ. Ó fún un ní ìwé kékeré kan, pé gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni kó kọ sí i. Hamdalah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń bá a kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ka ìwé náà. Ẹyẹ ológoṣẹ́ tó bá jẹ irú oúnjẹ yẹn, ebi á pa á.

A padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣúgà kò wálẹ̀; ńṣe ló tún gun òkè. Egbò náà sì ti fẹ̀ sí i. Ọláwùmí ka ìwé náà síwá, ó kà á sẹ́yìn. Kò pariwo mọ́ni, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù lára rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé nǹkan kan ò wọ ẹnu yín yàtọ̀ sí èyí?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, kò sí," ni Ìyá Rídwàn wí, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó sì ju ẹ̀kúnwọ́ gàrí sẹ́nu.

Rírún gàrí nìkan là ń gbọ́.

"Kí lẹ jẹ yẹn?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Mọ́mì, mo rí yín."

"Háà, èyí? Oníbàárà mi kan ní Ìjẹ̀bú ló fi ránṣẹ́ kí n bá òun wò ó. Mò ń tọ́ ọ wò ni. Iṣẹ́ ni jàre, kì í ṣe oúnjẹ."

Ọmọ náà yíjú sí mi. Mo dìde dúró ti ọ̀rẹ́ mi. "Òótọ́ ló sọ, dókítà. Ọdún méjìlá rèé, mi ò rí i kó jẹ gàrí rí."

Ọláwùmí yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ jọ̀ọ́, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ṣé ẹ máa ń tọ́ ọ wò lọ́sàn-án?"

"A-à! Ṣé kí ààwẹ̀ mi bàjẹ́? Ìyá Olúrẹ̀mí tí kì í gbààwẹ̀ ló máa ń bá mi fi ṣíbí tọ́ ọ wò."

"Ó dáa. Ọlọ́run ń kà á sí oúnjẹ nígbà náà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò kà á."

Ọláwùmí fún Ìyá Rídwàn ní ọ̀rá funfun kan, irú èyí tí wọ́n ń di oògùn sí. Ó ní ní ọjọ́ tí ẹrù bá dé, gbogbo ẹ̀kúnwọ́ tó yẹ kó wọ ẹnu, kó dà á síbẹ̀. Ọjọ́ kan péré.

Ẹrù dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ogójì àpò. Ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, òmíràn nígbà tí oníbàárà bá ní kó fi sẹ́nu, òmíràn nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rá ń lóyún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí a fẹ́ palẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó da ọ̀rá náà sínú kóńgò. Ó kún ìdajì, ó tún lé.

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. "Ìdajì kóńgò ni mo máa ń wọ̀n fún ìyá ìbejì ẹ̀yìn ọjà," ó wí. "Òun, ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́. Àtọ́kẹ́, èmi nìkan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Yẹ̀yẹ́ méjì mìíràn wà lẹ́nu mi tí mo ti tọ́jú pa mọ́ láti ọ̀sán, mo gbé wọn mì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Láti ọjọ́ kejì, ó pa ẹnu dé. Ẹ̀yin á rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Charity, tó ń ra gàrí fún ilé ìdáná ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wá gbé àpò márùn-ún.

"Ìyá, ẹ fi sẹ́nu ká rí i."

Ìyá Rídwàn, ẹni tí kò lè purọ́, dá a lóhùn pé, "Dókítà ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́."

Charity wo gàrí, ó wo ìyá, ó kí wa dáadáa, ó sì gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ. Kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà, gbogbo Ṣáṣá ti gbọ́ pé dókítà kan ti ka gàrí Ìyá Rídwàn léèwọ̀. Àwọn kan ní májèlé ló wà nínú rẹ̀. Aláta ní ẹ rántí, òun ti sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí kò sí ẹni tó yà síbẹ̀, mo rí i tó ki ọwọ́ bọ àpò, tó gbé e lọ sí ẹnu. Mo di ọwọ́ náà mú.

"Ìka ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Ìyá Rídwàn?"

"Bí mo bá ní ìka mẹ́wàá tí mi ò ní oníbàárà, kí ni mo fẹ́ fi ìka ṣe?"

Mo ní ó dáa, kí a sọ ọ́ di ààwẹ̀. Ààwẹ̀ tí kì í retí oṣù. Òun á máa fọwọ́ kàn án, á máa gbóòórùn rẹ̀, èmi á máa fi sẹ́nu, màá sì sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu mi fún un kí ó dá ẹjọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú gbogbo ọjà ni mo ti ń ju gàrí sẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì rẹ̀ ń dà sí mi láyà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ́ mi lára. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbójú sókè. Charity padà wá, ó ní, "Ìyá ẹlẹ́wà, ẹ fi sẹ́nu." Kí n má purọ́ fún yín, ipò náà dùn mọ́ mi. Àwọn ènìyàn tí kò kí mi rí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ohun tó máa ti ẹnu mi jáde.

Oṣù mẹ́ta pé. Ṣúgà Ìyá Rídwàn ti wálẹ̀ síbi tí wọ́n ń fẹ́. Egbò ti di, àpá ló kù, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ó bọ́ bàtà, ó nà wọ́n síwájú Ọláwùmí, ó ní kí ó kà wọ́n. Ọmọ náà kà wọ́n lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo gun òṣùwọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi.

Ọláwùmí wò ó, ó ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn lọ síbi tó kọ tèmi sí. "Méjìdínláàádọ́rin lẹ wà nígbà yẹn, Mọ́mì. Márùndínlọ́gọ́rin nìyí. Kí lẹ ń jẹ?"

"Ohun tí mò ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ìrẹsì díẹ̀ lálẹ́."

"Nǹkan kan ò wọ ẹnu yín láàárín?"

"Rárá," mo wí. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé mo rò pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Ìyá Rídwàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí egbò ti yọ. Ó rín in títí ó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọláwùmí ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ọ̀rá funfun kan jáde, ó nà án sí mi. Ọwọ́ mi kò lọ. Ìyá Rídwàn ló bá mi gbà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sínú àpò mi.