Òrùka Màmá Mi Gé Dígí, Mo sì Gbà Á Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́wọ́ òrùka kan ní Àjàṣẹ́ yìí. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ìtìjú ni kò jẹ́.

Aránṣọ ni mí. Bútíìkì tí mò ń lò ní àdúgbò Ouando, ẹni tó ni ín ti ní kí n kó jáde, ó fẹ́ kó ọmọ tirẹ̀ síbẹ̀. Inú ìdààmú ìyẹn ni mo wà tí màmá wa fi kú. Àwa méjì péré ni màmá bí: èmi Ṣìfáwù, àkọ́bí, àti Mùsílíù, àbúrò mi ọkùnrin, tó ń fi ọ̀kadà zémìjàn gbé èrò.

Ohun méjì ni màmá ní tó ṣeé pín. Ọ̀kan ni ilé oníyàrá méjì tó kọjú sí títì, tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Èkejì ni òrùka wúrà kan tó ní òkúta búlúù lórí, tí bàbá wa rà bọ̀ fún un láti Gàbọ́ọ̀nù kí wọ́n tó bí mi. Sàfírì, òkúta olówó iyebíye, ni bàbá pè é. Màmá kì í bọ́ ọ! Òun ló fi ń fọṣọ, òun ló fi ń lọ ata, òkúta náà kò sì ní àmì kankan. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Ìyá Ṣìfáwù ní sàfírì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Sàká, ẹ̀gbọ́n màmá wa, pè wá láti pín ogún. Ẹ mọ̀ pé láàárín wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ó ní kí èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí mú èyí tó bá wù mí, pé bí mo bá ti mú un, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. A kì í pín ogún lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa rí sàfírì nílẹ̀ tó máa lọ mú ilé tó ń jò? Mo ti rò ó tán nínú mi. Màá ta òrùka, màá ra ilẹ̀, màá kọ́ àtẹ́líè ìránṣọ tèmi sórí ẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó tún máa ní kí n kó jáde láyé mi.

Àmọ́ ẹ má rò pé mo kàn fi ojú dídì mú un o. Mo dán an wò! Mo ti máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta góòlù pé gíláàsì lásán kò lè gé gíláàsì. Mo bá gbé dígí tí màmá fi ń wojú, mo fi òkúta náà fà á níṣojú gbogbo wọn. Kírr! Ìlà funfun gbọọrọ yọ lára dígí. Bàbá Sàká pàtẹ́wọ́. Ojú Mùsílíù fàro, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní kó má banú jẹ́, pé tí mo bá tà á, màá rántí ẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ rí i bí mo ṣe tóbi tó lọ́jọ́ yẹn?

Mo gbé òrùka lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tí wọ́n júwe fún mi. Bàbá náà fi awò kékeré kan sójú, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó yọ òkúta náà kúrò lórí òrùka, ó jù ú sínú abọ́ funfun tó ní omi, ó ní kí èmi náà wá wò ó. Mo rí ìlà búlúù wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀, gbogbo wọn rọra tẹ̀, bí ìlà ara àwo orin àtijọ́.

Ó wá mú òkúta kékeré mìíràn jáde nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò mọ́ tó tèmi. Àwọn ìlà tirẹ̀ gún, wọ́n sì ní igun, inú ẹ̀ ní ẹ̀gbin wẹ́wẹ́. Ó ní inú ilẹ̀ lèyí ti wá, pé ohun tó bá hù nínú ilẹ̀ kì í sábà wà láìlábùkù. Tèmi, ẹ̀rọ ló fi iná sè é, tó ń kán lé ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òkúta. Ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi tẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní ẹ̀yin bàbá, ó gé dígí!

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò gé dígí. Kì í ṣe gíláàsì. Gíláàsì ní tirẹ̀ máa ń tètè gbóná lọ́wọ́, etí rẹ̀ máa ń tètè họ, èéhó róbótó róbótó sì máa ń wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ sè le bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀. Dígí kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní wúrà ara òrùka náà dára, òun lè rà á, ṣùgbọ́n iye tó pè kò tó ra ilẹ̀. Òkúta yẹn kò lówó lórí, kí n máa gbé e lọ.

Mo bi í bóyá bàbá mi mọ̀. Ó ní òun kò lè sọ, pé wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi pàápàá. Ohun tó dùn mí jù nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé bàbá mi tan màmá mi ni, àbí wọ́n tan òun náà? Àwọn méjèèjì ti lọ. Ta ni mo fẹ́ bi?

Mo jókòó sétí gọ́tà níta, mo sunkún. Àwọn tó mọ̀ mí ń kí mi kú àráfẹ́rakù, wọ́n rò pé nítorí màmá ni. Bóyá nítorí rẹ̀ náà ni.

Ibẹ̀ ni mo gbà lọ sílé màmá wa, tó ti di ti Mùsílíù. Mo bá Mùsílíù pẹ̀lú káfíńtà, wọ́n ń kan páànù tuntun. Mo ṣàlàyé fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé ká tún un pín, tàbí kó kúkú fi yàrá kan sílẹ̀ fún mi. Kò pariwo rárá. Ó kàn bi mí pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní sàfírì ni, ṣé ẹ̀ bá wá sọ fún mi pé ká tún un pín?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí lẹ bá sọ?

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ní òun yóò háyà yàrá iwájú fún mi, òun ò sì ní gba iye tí òun yóò gbà lọ́wọ́ àjèjì, ṣùgbọ́n òun náà ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Mo ní dákọ̀ọ̀, mo gbà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ báyìí. Tí oṣù bá ti parí, èmi tí mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mò ń gbé owó yàrá tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí lọ fún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Tí nǹkan bá máa pinnu ayé yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lójà dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ ẹni tó fi í sílẹ̀ fún yín dí yín lójú. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó yàn. Èmi ti yàn tán kí n tó béèrè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Bó bá sì jẹ́ pé Mùsílíù lẹ rò pé ó jàre, ẹ sọ ọ́, ẹ má pọ́n mi lé. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi náà, pàápàá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí òrùlé yẹn ò jò mọ́.