Ọjọ́ tí Mo Gba Ìṣọ́ Lọ́wọ́ Bàbá Kétu

Ọ̀sán ọjọ́ tí yìnyín bọ́ sí An-Nakkasah, àdúgbò wa lórí òkè ní Mẹ́kà, ni ogun Jámánì dé ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà rò pé àwàdà ni. Mo wà níbẹ̀. Mò ń ká aṣọ tí mo sá lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wa nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù àwọn aládùúgbò. Ariwo náà pọ̀ débi pé n kò gbọ́ igbe ara mi. Kò pẹ́, gbogbo òkè náà funfun.

Bàbá Kétu, bàbá Àlàájà Ràbí tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn Faransé kó o ní Kétu lọ sí ilẹ̀ wọn, ó sì bá Jámánì jà nínú òtútù. Ó sọ fún wa rí pé àáké ni àwọn fi ń gé búrẹ́dì níbẹ̀, pé ìwé ìròyìn ni àwọn fi ń di ẹsẹ̀, àti pé ẹni tó ń ṣọ́nà kò gbọdọ̀ kúrò títí ẹlòmíràn yóò fi wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rá, kò sọ ọ́ mọ́.

Bí mo ṣe ń sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, Bàbá kọjá lára mi lórí àtẹ̀gùn. Singilẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó gbé igi ìnulẹ̀ lé èjìká.

Àlàájà sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà òrùlé. "Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀! Òtútù á pa yín!"

"Dákẹ́ ńbẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí Jámánì gbọ́ wa ni?"

"Bàbá, ta ló fún Jámánì ní físà Mẹ́kà?"

"Ṣé ìwọ ní físà ni?"

Nígbà tí Àlàájà fẹ́ fà á lọ́wọ́, Bàbá na igi sí i láyà. Ara Bàbá ti tutù rinrin, eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu rẹ̀ ń lu ara wọn. Àlàájà bú sẹ́kún. "Yóò kú síbẹ̀ lójú mi."

Èmi kì í sọ̀rọ̀ níta. Bí mo bá lọ ra nǹkan ní bàkálà, ìsọ̀ àdúgbò wa, ìka ni mo fi ń tọ́ka sí i. Àwa tí kò ní ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbé ìlú, kò sì gbọdọ̀ pariwo lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ètè Bàbá ti rí bí eérú. Mo dé ìkòkò ìrẹsì sórí nítorí yìnyín, mo bá gòkè.

"Ta nìyẹn?"

"Sàfúrà ni, Bàbá."

"N kò gbọ́!"

Mo kígbe. "Sàfúrà ni! Wọ́n ní kí n wá gba ìṣọ́ lọ́wọ́ yín!"

Fèrèsé ń ṣí káàkiri òkè. Bàbá wò mí láti ìkòkò dé ẹsẹ̀.

"Sálúbàtà ni wọ́n fi rán ọ wá sójú ogun?"

"Bàtà ti tán, sà."

Ó mi orí. "Àwọn Faransé yìí!"

Ó gbé igi lé mi lọ́wọ́. "Má sùn. Bí ebi bá ń pa ọ́, má ronú nípa búrẹ́dì." Ó sì sọ̀kalẹ̀. Àlàájà fi kúbùsù méjì wé e, ó fún un ní tíì gbígbóná.

Mo rò pé ó ti parí. Àmọ́ bí mo bá gbé ẹsẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ á wá láti ìsàlẹ̀: "Ìṣọ́!"

"Mo wà ńbí, sà!"

Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́. Yìnyín ti dá. Omi nìkan ló ń kán tó-tó-tó. Obìnrin kan láti ojú fèrèsé bi mí bóyá mo ti lè sọ̀kalẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ fún Bàbá, mo bi í pé, "Ní ogun ilẹ̀ Faransé ọjọ́ yẹn lọ́hùn-ún, ta ló wá gba ìṣọ́ lọ́wọ́ yín?"

Ó wò mí.

"Ìwọ ni. O kàn pẹ́ kó o tó dé ni."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."