Ìgbín Mẹ́ta Tí Fúnṣọ́ Jẹ Ní Bìní

Lọ́dún 2004, bí o bá gun ọ̀kadà ní Mowe, tí o ní Lótò lò ń lọ, lọ́dọ̀ Olúfúnṣọ́ alágbàfọ̀, ọlọ́kadà kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kejì. Àwọn tó ń sáré lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló ń fọ aṣọ wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn, ṣòkòtò wọn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, aṣọ ìrọ̀rí wọn, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Sítáàṣì tí Fúnṣọ́ bá fi lọ kọ́là fún ọ láàárọ̀, bí ọkọ̀ Èkó bá fún ọ pa, kọ́là yẹn á ṣì dúró gbọn-in. Kò ga, kò sanra, kì í sì í ṣe aláriwo. Ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó máa fọṣọ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá fẹ́ dáhùn, kí o wá ibi jókòó sí ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ láàárín òun àti Fúnṣọ́ jù láyé ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Ifọ̀ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, torí Ifọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ màmá, wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọn kì í wá sí Mowe lọ́wọ́ òfo láé: láfún nínú àpò, ẹ̀fọ́ nínú agbọ̀n, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn làwọn bí Olúsànyà, àwọn náà ló ni ẹnu ìyàwó Olúsànyà.

Oyún àkọ́kọ́ tí Fúnṣọ́ ní, oṣù kẹta ló bàjẹ́. Ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, nígbà tí Ìyá Ifọ̀ wọlé tí wọ́n dúró tì í.

"Kí lo jẹ?"

Kì í ṣe o kú ewu. Kì í ṣe pẹ̀lẹ́. Kí lo jẹ!

Fúnṣọ́ ní òun ò jẹ nǹkan kan tó yàtọ̀, àfi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí òun rà ní Ìbàfò.

"Ẹ ò rí i!" Màmá pa ọwọ́ pọ̀. "Ó ti fi ẹnu pa ọmọ ọmọ mi."

Dọ́kítà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ta ló dá dọ́kítà lóhùn? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fúnṣọ́ lára. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá dúró ní Ìbàfò, tí àwọn tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá nà án sí i lójú fèrèsé, ńṣe ló máa gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà mìíràn á bi ara rẹ̀ pé, àbí èmi náà ni lóòótọ́? Ohun tó sì ń bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Nígbà tí oyún kejì dúró, Ìyá Ifọ̀ kó òfin wá láti Ifọ̀. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń ka ìka. Kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Kò gbọdọ̀ rìn lóòrùn ọ̀sán. Kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan lójú ọ̀nà. Wọ́n wá dé orí èyí tó ga jù.

"Ìgbín ńkọ́? Aboyún kì í jẹ ìgbín. Bó bá jẹ ẹ́, ọmọ tó máa bí á máa datọ́ ni, wọ̀ọ̀ọ̀, bí ìgbín ṣe ń datọ́ yẹn náà ni. Sànyà, ṣé ò ń gbọ́?"

Olúsànyà kò gbọ́. Ó ti sùn lọ sórí àga. Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé, ibi tí ìdí rẹ̀ bá ti kan ìjókòó ni oorun ti ń gbé e. Ó ń sùn nínú ọkọ̀, ó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìwàásù, ó ti sùn rí tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Èèyàn dáadáa ni, kò sí ìjà lára ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀.

Oyún pé oṣù márùn-ún nígbà tí Mùnírátù pè láti Bìní. Òun àti Fúnṣọ́ ló jọ kọ́ iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní Ifọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, kó tó fẹ́ Láwàlì tó ń ta pákó, tí wọ́n sì kó lọ sí Bìní.

"Fúnṣọ́, fi bàsíà yẹn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan péré, kó o wá sinmi lọ́dọ̀ mi jàre! Ṣé aṣọ àwọn ará Mowe ló máa bá ẹ bímọ ni?"

Olúsànyà ní kó lọ. Ìyá Ifọ̀ ò lè ní kó má lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbéra láti Ifọ̀ wá kìlọ̀ fún un.

"Bìní yẹn, mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìgbín wọn tó ìkúùkù ọkùnrin. Ìyàwó, o ti fi ẹnu pa ọ̀kan. Tó o bá fẹnu kan ìgbín, tí ọmọ ọmọ mi sì datọ́, màá mọ̀ pé o ò lè tọ́mọ. Èmi fúnra mi ni màá wá gbé e lọ sí Ifọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì máa dàgbà sí."

Fúnṣọ́ kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, màámi." Ó wọkọ̀ lọ sí Ṣágámù, ibẹ̀ ló ti wọ ọkọ̀ Bìní.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí Mùnírátù gbé síwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nǹkan kan ni, ó pupa rúsúrúsú nítorí epo, ó ń dán, ọbẹ̀ ẹyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Sítáàṣì."

Fúnṣọ́ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Mùní, sítáàṣì wo? Èyí tá a fi ń lọ kọ́là?"

"Òun náà ni. Láti ara ẹ̀gẹ́ náà ló ti wá. Àwọn ará ibí ń jẹ ẹ́."

"Kí n jẹ sítáàṣì? Kí inú mi gan, kí wọ́n wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ mí?"

Mùnírátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi epo ra ìka, bí wọ́n ṣe ń já a, bí wọ́n ṣe ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Èyí àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó nà bí rọ́bà. Èkejì lọ gbọ́rọ́. Nígbà tó máa fi dé ìkẹwàá, Fúnṣọ́ ti ń lá abọ́ ọbẹ̀. Ó ní ẹ wò ó, gbogbo ọdún tí òun fi ń da ìyókù sítáàṣì nù sí gọ́tà, oúnjẹ lòun ń dà nù!

Lọ́jọ́ kejì, ọbẹ̀ dúdú ni, tí wọ́n fi ewé gígún sè, tó dúdú bí omi tí wọ́n fi ṣan jíńsì tuntun. Fúnṣọ́ di imú, ó tọ́ ọ wò, ó sì béèrè bóyá ó ṣì kù nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ inú oyún náà ń ta kìjí kìjí nínú ìyá rẹ̀ bí ẹni pé oúnjẹ ọ̀hún dùn mọ́ òun náà.

Lọ́jọ́ kẹta ni Mùnírátù se ìgbín. Ó ta ata sí i, ó rẹ́ àlùbọ́sà lé e, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó bu tirẹ̀, ó wá gbé ẹja síwájú Fúnṣọ́.

"Mo mọ̀ pé o ò lè jẹ ìgbín pẹ̀lú oyún," ló wí. "Ẹja nìyí."

Fúnṣọ́ wo ẹja. Ó wo ìgbín. Ojú fèrèsé ló jókòó sí, ó ń wo obìnrin Bìní kan tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwọn, tóyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Obìnrin náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ ìgbín tirẹ̀ bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà, kò sì sí ẹni tó ń ka ìka lé e lórí.

Kì í ṣe ebi ló ń pa Fúnṣọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló dìde nínú ẹ̀.

"Mùní, gbé ìgbín yẹn wá."

"Háà! Ìyá Ifọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn máa gbé ọmọ o!"

"Mo gbọ́. Gbé e wá." Ó ti ẹja náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tí mo bá sá fún ìgbín yìí, mo ti gbà nìyẹn pé èmi ni mo pa ti àkọ́kọ́. Mi ò gbà. Mi ò gbà láéláé!"

Ó jẹ ọ̀kan, ẹ̀rù ń bà á. Ó jẹ èkejì, ó ń sunkún. Ìgbà tó jẹ ẹ̀kẹta ló tó mọ̀ pé ó dùn.

Nígbà tó ń padà, Mùnírátù rọ̀ ọ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣebí Bìní jìnnà sí Ifọ̀, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n Ìyá Ifọ̀ ti jókòó dè é ní Lótò. Kó tó sọ báàgì kalẹ̀ ni wọ́n ti bi í bóyá ó fẹnu kan ìgbín.

"Mo jẹ ẹ́, màámi," ni Fúnṣọ́ wí lórí ìkúnlẹ̀. "Mẹ́ta ni. Ó dùn."

Màmá káwọ́ lérí. "Mo gbé o! Ó dáa. Ọmọ yẹn ò ní ṣàì datọ́, èmi náà ò sì ní ṣàì wá. Sànyà, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, màámi," ni Olúsànyà wí.

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tí kì í gbọ́ nǹkan kan láti Sọ́ńdè dé Sátidé, èyí ló wá gbọ́!

Fúnṣọ́ bímọ ọkùnrin, ó tóbi, ó sì mọ́ra. Màmá mú orúkọ wá láti Ifọ̀, Fúnṣọ́ ní wọ́n ṣeun, àmọ́ Olúwadámiláre ni orúkọ tí òun sọ ọmọ òun. Oṣù márùn-ún, ẹnu ọmọ gbẹ táútáú. Lóṣù kẹfà, eyín fẹ́ yọ, itọ́ dé. Kì í sì í ṣe itọ́ kékeré. Aṣọ ìgbatọ́ mẹ́jọ ni Fúnṣọ́ ń fọ̀ lóòjọ́. Ó mọ̀ pé eyín ni. Gbogbo ìyá ló mọ̀ pé eyín ni. Síbẹ̀, bí ọ̀kadà bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á sáré nu àgbọ̀n ọmọ gbẹ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ìyá Ifọ̀ dé, tàwọn ti báàgì ńlá. Olúsànyà ti dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó, ó ti sùn. Màmá gbé ọmọ nílẹ̀, wọ́n wo àgbọ̀n rẹ̀, wọn ò bá Fúnṣọ́ jà rárá. Wọ́n kàn pọ̀n ọ́n, wọ́n fi ọ̀já dì í.

"Kó aṣọ rẹ̀ fún mi."

Fúnṣọ́ kúnlẹ̀ kí wọn tán, ó wá dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ ò ní gbé ọmọ mi kọjá ibí."

"Ìwọ? Ṣé o ò rí itọ́? Ìgbín Bìní ló ń ṣàn yìí!"

Fúnṣọ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló ti ń fọ aṣọ ìrọ̀rí ọkùnrin yìí lọ́tọ̀, tó ń bo àṣírí rẹ̀, tí kò sọ fún Mùnírátù pàápàá. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti fẹ́ báyìí, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Olúsànyà gbórí lé èjìká, ó lanu, itọ́ ń bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sórí kọ́là. Kọ́là tí Fúnṣọ́ fi sítáàṣì lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ti rọ̀ jọ̀bọ̀.

"Màámi, ẹ wo ọmọ yín."

Màmá yíjú.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ìgbín mélòó lẹ jẹ nígbà tí ẹ lóyún èyí?"

Màmá fún ọ̀já mọ́ra.

"Ẹ wo bàsíà mi níta. Aṣọ ìrọ̀rí gbogbo Lótò ló wà níbẹ̀. Tẹni tó ń wọ táì, tẹni tó ń wakọ̀, ojú itọ́ ò sí lára èwo? Ṣé gbogbo ìyá wọn ló jẹ ìgbín ni?" Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kọ́ ló pa ọmọ mi, màámi. Èmi kọ́. Mo sunkún ọmọ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ ò sì kí mi kú ewu."

Ìyá Ifọ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Olúsànyà, wọ́n fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń nù ún nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ta jí.

"Ó wà o! Mowe wà o!" ló pariwo. Ọkọ̀ ló rò pé òun wà, tí wọ́n fẹ́ gbé òun kọjá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá tú ọ̀já.

"Gba ọmọ ẹ," ni wọ́n wí. Nígbà tí Fúnṣọ́ gbà á tán, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ní ọsibítù. Kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde." Wọ́n fọwọ́ kan Fúnṣọ́ léjìká. "O kú ewu, ìyàwó."

Ọdún méjì ló pẹ́ kí ìkíni yẹn tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Fúnṣọ́ kò sọ pé kò tọ́pẹ́, kò sì sọ pé ó ti tán. Ó ní, "Ẹ ṣé, màámi," ó sì sunkún níwájú wọn láìbojú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó pọn Dámiláre, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàfò láti ra ọṣẹ. Obìnrin kan na ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, kò gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní kí obìnrin náà bó o fún òun níbẹ̀. Ó dúró sẹ́bàá títì, lóòrùn ọ̀sán gangan, ó jẹ ẹ́ tán, omi rẹ̀ ń ṣàn sí i lápá. Itọ́ ọmọ ń ṣàn sí i lẹ́yìn, kò sì wá aṣọ tó máa fi nù ún.