Ọjọ́ Tí A Yọ Okùn Íńtánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, káfè íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Fádèyí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ni ibẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo kà á pé wọ́n ti rí ihò nínú kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá wa. Ẹni tó bá mọ ihò yẹn lè jókòó sí òkè òkun kó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ wa. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi.

"Sà, ẹ jẹ́ ká yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ fi kánẹ́ẹ̀lì tuntun sí i, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó parí."

"Sátidé òní yìí?" Ó wo àwọn oníbàárà, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, yọ ọ́."

Àwọn oníbàárà bínú lọ. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ nìkan ló dúró. Èmi ni mo máa ń bá a tẹ ímeèlì sí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun.

"Ṣé olè ti wọlé ni?"

"Rárá, Màmá. Ibi tó lè gbà wọlé la fẹ́ dí."

"Ẹ dí i dáadáa o. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi wà níbẹ̀."

Bí ẹ̀rọ ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo ní kí màmá máa sọ̀rọ̀, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, ìkánjú la fi ń ṣe é: ara wa le, ó dàbọ̀, torí aago ń ka ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wo aago. Ó sọ bí omi ọ̀sà ṣe wọ yàrá wọn. Ó sọ̀rọ̀ ọmọ tí àbúrò rẹ̀ bí, bí irun rẹ̀ ṣe kún tó. Ọ̀gá mi fa àga sún mọ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń tọ́ka sí ibi tí mo ti ṣì í tẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, kánẹ́ẹ̀lì tuntun gbéra láìsí wàhálà. Mo ki okùn bọ̀ ọ́, ímeèlì sì lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èsì ti dé. "Màámi," ni ọmọ náà kọ, "ṣe ló dà bíi pé mo wà nílé."

Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń retí ẹ̀rọ.

"Tún un kà fún mi," ni màmá wí.

Mo tún un kà.