Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Finlándì Kan Ṣoṣo Lọ Pàdé Àna Mi ní Savalou

Àkùkọ kò tíì kọ tí Jérémì fi tẹ fèrè alùpùpù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ní Bantè. Sẹ́míjàn ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbí. Ọ̀kadà ni ẹ̀yin ará ilé wa ní Ṣakí mọ̀ ọ́n sí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà la jọ fẹnu kò sí dé Savalou. Ìsìn ìdájí ni Jérémì ti ń bọ̀, nítorí náà sùtánà ìjọ aláṣọ funfun ló wọ̀, kò sì wọ bàtà.

Àna mi ni mo ń lọ pàdé. Fúnmi ọmọ mi, tó ń gbé ní Finlándì, fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin ibẹ̀ kan. Mátì, bàbá ọmọkùnrin náà, ní òun kò ní fọwọ́ sí i àfi tí òun bá fojú ara òun rí ilé tí ìyàwó ti wá. Ọ̀rọ̀ ìwé dá àwọn ọmọ dúró ní Kútọnu, ni bàbá bá dá nìkan wọ bọ́ọ̀sì. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Yorùbá.

Fúnmi fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó yín: tulla, ìyẹn ni 'wá'. 'Mò ń bọ̀' ni tulen, 'ò ń bọ̀' ni tulet, 'ó ń bọ̀' ni tulee. 'Máa bọ̀' ni tule. 'Ó ti dé' ni tuli."

Ó yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, mo wá, o wá, wọ́n wá: wá kì í yí padà. Tiwọn a máa sún ìdí kiri bí ẹni tó jókòó sórí ìjàlọ.

Bí a ṣe ń gba àárín oko kajú kọjá lórí ọ̀nà ọ̀dà, mò ń pè é, Jérémì ń gbè é: "Tulen, tulet, tulee!" Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ di àdúrà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ní agbára o. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n."

"Òtútù ni, Jérémì."

Ní Savalou, a dúró sídìí tábìlì ìyá kan tó ń ta epo bẹntiróò nínú ìgò. Mo ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ tí bọ́ọ̀sì fi dé. Ọkùnrin gíga kan, irun rẹ̀ funfun bí òwú, sọ̀ kalẹ̀. Mo pe Fúnmi lórí fóònù. Inú mi dùn débi pé mo fi gbogbo ohùn kígbe: "Tuli! Tuli!"

Bàbá náà ju àpò rẹ̀ sílẹ̀. "Missä? Missä?" ló ń pariwo.

Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ sí "Ẹ sá!" Ta ni yóò béèrè ìdí tí òyìnbó fi ní kí a sá nídìí epo? Ìyá elépo sá. Àwọn alákàrà sá. Jérémì ká sùtánà sókè, ó gba ọ̀nà ọjà lọ.

Bàbá gbé korobá iyanrìn tó wà lábẹ́ tábìlì, ó ń dà á sórí àwọn ìgò. Mo rò ó pé bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àna lọ́dọ̀ wọn. Mo ṣí fìlà, mo bu iyanrìn ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì, mo rọra dà á sórí ìgò pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó mi orí sí mi. A jọ ń dà á lọ títí a kò fi rí ìgò kankan mọ́.

Ohùn Fúnmi ń ké nínú fóònù: "Bàbá mi, kí ló ń jó?"

"Kò sí ohun tó ń jó. Àna wa ló dé."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní tuli tó jẹ́ "ó dé" náà ni tuli tó jẹ́ "iná", missä sì ni "níbo?" Mo gbé fóònù fún bàbá. Bí ó ṣe ń gbọ́ ọ, etí rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dá fóònù padà.

"Kí ló wí, Fúnmi?"

"Ó ní gbogbo ìlú ló sá, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró ti òun. Ó ní irú àna tí òun ń wá nìyẹn."

A bẹ ìyá elépo, a sì nu ìgò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ fi Mahi, èdè ibẹ̀, bú wa, ó tún fi Yorùbá bú wa kí ó lè yé mi. Nígbà tí Jérémì padà dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ gun alùpùpù padà, orúnkún bàbá yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ìyẹ́ àwòdì.

Ní Bantè, ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí àna. Bàbá nawọ́ sí mi, ó lu àyà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

"Kí ló ń sọ?" ni ìyàwó mi béèrè.

"Ó ní akíkanjú ni mí."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè lè jọ akíkanjú, bí kò bá ti yára ṣàlàyé. Ìgbéyàwó ku oṣù díẹ̀. Èmi kò tíì ṣàlàyé.