Ọwọ́ Òsì Làmídì

Ó ku bí ọdún mẹ́rin kí òmìnira dé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí ní ilé ìlagi kan ní Ìlobùú, Ìfọ́n ni mo sì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ìwé adójútòfò lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún wa.

Ayùn gé Làmídì, ọ̀kan nínú wa, lọ́wọ́ ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́. Òfin ti wà nígbà náà pé ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé ìlagi náà sọ pé oko ló ti ṣe é. Mo kọ̀wé sí ìjọba. Gbogbo wa da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà.

Lọ́jọ́ keje, ọ̀gá ìjọba kan dé láti Ìbàdàn wá wádìí. Wọ́n mú Bàbá Súúlè, ẹni tó ń darí iṣẹ́ wa nídìí ayùn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá yìí ló yọ irin tó ń bo ẹnu ayùn kí iṣẹ́ lè yá. Ọmọ rẹ̀ ni Làmídì sì ń fẹ́. Wọ́n ti tọrọ, ó ku kí wọ́n so yìgì. Èmi tí mo mọ ìwé òfin lámọ̀dunjú, n kò rántí ọ̀rọ̀ àna.

Làmídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá náà bi í níbi tó ti fara pa.

“Oko ni, sà,” ó dáhùn, ó ń wolẹ̀. “Àdá ló gé mi.”

Wọ́n bi àwọn yòókù, kálukú ní òun ò sí níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tèmi nìkan ló wà láyà. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo dá rin ọ̀nà Ìfọ́n, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Làmídì bímọ, ó wá pè mí síbi ìkómọ fúnra rẹ̀. Ó na obì sí mi.

“Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ọwọ́ òsì yìí náà ló kù.”

“A kì í fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan,” mo wí, mo sì wọlé.

Wọ́n dá irin padà sẹ́nu ayùn lẹ́yìn ìwádìí yẹn, kò sì gé ẹlòmíràn mọ́. Owó gbà-má-bínú kò jáde títí Làmídì fi kú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Tèmi ni obì tí n kò gbà.