Àbá Tí Wọ́n Tì Sí Ìrọ̀lẹ́

Verlyn Ollivierre kì í sùn mọ́jú nílé Màmá Rosalia. Ìwé òfin sọ pé ó ń sùn. Torí náà ni kò fi sí ẹni tó ka òru rẹ̀ sí iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n sanwó fún. Àmọ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni Rosalia Incandela, apá kan ara rẹ̀ ti rọ, tí wọn ò bá sì máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì, awọ ìbàdí rẹ̀ á bó, egbò á wọnú ẹran. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jí yí i. Verlyn ló ń jí. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló ń lò nínú ilé yẹn ní àdúgbò Bensonhurst kó tó padà sí yàrá tirẹ̀ ní àdúgbò Flatbush, níbi tó ti máa ń sùn bí òkú.

Bequia ni wọ́n bí i sí, ní erékùṣù tí bàbá rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó nílé fi yàn án, òun àti Doreth Quashie àti àwọn mẹ́wàá mìíràn, kí wọ́n lọ ṣojú wọn níbi àpéjọ gbogbogbòò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àbá kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lọ: kí ẹgbẹ́ má fọwọ́ sí iṣẹ́ tọ̀sán-tòru mọ́ láé, kí ẹnì kan ṣe ọ̀sán, kí ẹlòmíràn ṣe òru.

Ní ọjọ́ àpéjọ náà, ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ rán ẹni tó máa dúró ti Rosalia wá. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹnì kankan.

"Nígbà tí mò ń ránṣọ," ni Rosalia wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Verlyn ṣe ń nu ojú rẹ̀, "inú yìnyín la dúró sí tá a fi daṣẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ ti sọ ìyẹn, Màmá."

"Màá tún un sọ. Má kúrò níbẹ̀ tí wọn ò bá tíì dìbò."

"Ta ló máa wá yí yín?"

"Màá dúró dè ẹ́."

"Ẹ ò lè dúró, ẹ sì mọ̀."

"Wò ó, ìdí ta ni? Ìdí mi ni. Gbé báàgì rẹ, jáde."

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Manhattan ni wọ́n ti ṣe àpéjọ náà. Wọ́n pín ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò fún gbogbo èèyàn, àti káàdì ìbò pupa kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ló pọ̀ jù. Wọ́n kọ́kọ́ fi fídíò hàn lójú ògiri. Ojú Verlyn ló jáde níbẹ̀, tó ń fún Rosalia ní ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́nu, tí ohùn kan sì ń sọ pé, "Kì í ṣe iṣẹ́ lásán. Ìfẹ́ ni."

Doreth fi ìgúnpá gún un. "Vee, wo bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín! Àfi bíi pé ìwọ ni wọ́n ń fún lóúnjẹ."

"Ọ̀sán ni wọ́n wá yà á," ni Verlyn dáhùn. "Mi ò ní irú ojú yẹn lóru."

Nínú ìwé ètò, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni àbá wọn wà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, olóṣèlú kan dìde, ó sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa ìyá rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Òun náà fún ẹgbẹ́ ní àmì-ẹ̀yẹ. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n gé kéèkì. Àwọn olùtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn.

Verlyn lọ bá Curtis Hallam, igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́, tó jẹ́ alága ìjókòó ọjọ́ náà.

"Bùrọ̀dá Curtis, ìgbà wo ló máa kan tiwa?"

"Ó ń bọ̀, Sístà Verlyn. Ẹ fara balẹ̀."

"Ẹ mọ ìgbà tá a gbọ́dọ̀ padà."

"Ètò ni ètò. Tí mo bá yí i torí tiyín, àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ẹ ti yí i. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lẹ kọ síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó yíjú sí ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí ti tọ́jú arúgbó rí kó tó dolóyè. Kì í sọ̀rọ̀ lórí pèpéle kó má mẹ́nu bà á. Ó mọ ìgbà tí olùtọ́jú ń dìde lórí àga láti padà sọ́dọ̀ arúgbó. Kì í ṣe pé ó gbàgbé.

Doreth ló kọ́kọ́ dìde. "Mò ń lọ o. Tí bàbá tí mò ń tọ́jú bá lóun á dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, orí ilẹ̀ ni màá ti lọ gbé e." Ó ju káàdì pupa rẹ̀ sí Verlyn lẹ́sẹ̀. "Bá mi dì í mú."

Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì ṣe bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn nìyẹn. Tí ọkọ̀ ojú irin bá dá ọ̀kan dúró, èkejì á bá a dúró ti arúgbó rẹ̀. Tí ọmọ ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èkejì á bá a ṣe òru. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ìbò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń báni dì mú. Títí aago mẹ́fà á fi lù, Verlyn nìkan ló kù lórí ìlà àga wọn, pẹ̀lú káàdì méjìlá.

Ó pe Rosalia. "Ṣé ẹni yẹn ti lọ?"

"Ó ti lọ. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí mi ò fẹ́. Wọ́n ti dìbò?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń pè mí sí?" Ó já fóònù náà.

Àwọn agbáwo ti ń ká aṣọ orí tábìlì nígbà tí Hallam ka àbá náà, kíá, bí ẹni ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Ó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn gbé káàdì sókè. Verlyn dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ káàdì méjìlá sójú afẹ́fẹ́.

Obìnrin tó ń ka ìbò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹyọ kan ni, mà."

"Àwọn tó ni ín wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹni tó bá wà níkàlẹ̀ nìkan là ń kà."

"Mo ní wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn gan-an là ń dìbò lé lórí."

"Mà, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Ó ka ẹyọ kan. Àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀ gbé tiwọn. Nígbà tí Hallam pe àwọn tí kò fara mọ́ ọn, gbọ̀ngàn náà pọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Verlyn ti dé ìdí máìkì. "Bùrọ̀dá Curtis, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe láago mẹ́fà nígbà tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó fún wọn."

"Sístà, a ti parí ìyẹn."

"Ẹ máa ń sáré padà. Àwọn èèyàn mi náà sáré padà. Ẹ dúró kí wọ́n lọ, ẹ wá béèrè ìbò lọ́wọ́ àga òfìfo."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn dìde dúró. Nọ́ọ̀sì kan ń nu ojú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé káàdì takò ó ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yìí, ó sì rí káàdì náà nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá rí nǹkan fi fèsì.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi," ni ó wí, àmọ́ wọ́n ti pa máìkì.

Nígbà tí Verlyn délé, bí wọ́n ṣe fi Rosalia sílẹ̀ ló bá a, ìtọ̀ ti rin ín láti ẹ̀yìn dé itan.

"Wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á."

"Àwọn wo ni kò gbà á? Àwọn ọ̀gá?"

"Ẹgbẹ́ wa."

Rosalia bú wọn ní èdè Sicily. Verlyn gbọ́ ọ, torí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́, ó yí i padà. Ibì kan ti pọ́n ní ìbàdí, ibi tí nǹkan kan ò ti ṣe láti ọdún tó ti ń tọ́jú rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Pípọ́n náà kò lọ, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ. Verlyn kò sọ pé ẹ má bínú, Rosalia náà kò retí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan pè láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Fídíò yín wú gbogbo èèyàn lórí! A fẹ́ wá ya òmíràn. Ṣé ọ̀sán ọjọ́ Tuesday dáa?"

"Ẹ wá láago méjì òru."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Mà?"

"Ẹ mú Curtis dání. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn."

"Mà, a kì í ṣiṣẹ́ lóru níbí."

"Àwa náà kì í ṣiṣẹ́ lóru," ni Verlyn wí. "Ẹ bi wọ́n lọ́fíìsì yín."

"Sọ fún un pé mo kí wọn," ni Rosalia pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ Sicily yẹn.

Verlyn pa fóònù. Ó ti tó àkókò láti yí i padà. Ó ká aṣọ sókè, ó wo ìbàdí náà. Ibi tó pọ́n náà ti bó, ó ti di egbò.